Rẹ́kọ́ọ̀dù Tó Lé Mi Dé Tákóràdí

Àpòmù

Ìyá kan ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé mo ti wọ inú ewu. Ó ń sáré bọ̀ láti ọ̀nà ọjà Àpòmù, ọmọ ń mì lẹ́yìn rẹ̀, agbọ̀n tòmátì rẹ̀ ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kò sì wẹ̀yìn wò. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ mi, mo bi í pé kí ló dé.

"Ẹ padà o, bùọ̀dá," ó ní. "Wọ́n ti gbàjọba. Etí ara mi ni mo fi gbọ́ ọ. Sójà náà ní kí kálukú wọlé kó tilẹ̀kùn."

"Rédíò wo lẹ ti gbọ́ ọ, mà?"

"Ẹ tún ń bi mí ní rédíò. Sípíkà Àlàájì onírẹ́kọ́ọ̀dù ni. Ohùn sójà náà há, bíi pé ọ̀fìnkìn ń ṣe é."

Ó sáré lọ. Èmi yí kẹ̀kẹ́ mi padà, nítorí èmi ni ọ̀fìnkìn ń ṣe lọ́jọ́ tí a gba ohùn náà sílẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ kò sí nílé nígbà náà. Àwa mẹ́ta la dá Ẹgbẹ́ Èéfín sílẹ̀ ní Ìkirè, lẹ́yìn ọdún 1980. Délé, tó ń tún rédíò ṣe, ló ń ta gìtá, òun sì ni olórí wa. Síkírù pánẹ́bítà ló ń lu ìlù. Èmi, Múfútàù káfíńtà, ni mo ń ta gìtá ńlá tó máa ń dún wúwo nísàlẹ̀ orin. Èmi náà ni mo máa ń sọ ọ̀rọ̀ tó bá wà nínú orin, nítorí kò sẹ́ni tó lè kọrin dáadáa nínú wa.

Jùjú la fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó yá, ọmọ bàbá Délé kan ti ìlú London dé pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì mélòó kan. Ó ní irú orin tí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nìyẹn lẹ́yìn tí èyí tí wọ́n ń pè ní pọ́ńkì ti rọlẹ̀. Gìtá inú rẹ̀ ń ha bíi páànù tí wọ́n ń wọ́ lórí kọnkéré. Ìlù rẹ̀ gan. Wọn kì í kọ ọ̀rọ̀ lórin, wọ́n kàn ń sọ ọ́ ni. Délé gbọ́ ọ, kò sì lè padà sí jùjú mọ́. A yọ oríkì kúrò nínú orin wa, a yọ orúkọ olówó kúrò. Síkírù gbé ilẹ̀kùn mọ́tò àtijọ́ kan wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sọ ọ́ di ìlù.

Níbi ìkómọ kan ní Ìkirè, bàbá ọmọ dúró níwájú wa pẹ̀lú owó lọ́wọ́, ó ń retí kí a pe orúkọ òun. Ó dúró títí, ó rẹ̀ ẹ́.

"Ta lẹ wá ń kì nínú orin yìí gan-an?"

"A ò kì ẹnikẹ́ni, sà," ni Délé wí.

Bàbá náà dá owó rẹ̀ padà sápò. "Ó dáa. Ẹ lọ gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni yẹn."

Síbẹ̀ a ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù. Orin tó kẹ́yìn ní ojú kìíní rẹ̀ ló fa gbogbo wàhálà. Délé bẹ àwọn afunfèrè ìjọ aládùúrà kan, wọ́n bá wa fun irú orin ológun tí rédíò máa ń lù láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn sójà bá gba ìjọba lọ́wọ́ ara wọn. Gbogbo wa la mọ orin yẹn nígbà náà. Ilé tó bá gbọ́ ọ kì í gbé ìkòkò kaná. Lẹ́yìn fèrè, èmi ni mo sọ ọ́ ní èdè òyìnbó pé a ti lé ìjọba kúrò, a ti ti ẹnubodè, kí kálukú dúró sílé rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni gìtá máa ń ya wọlé, tí n óò wá sọ ọ́ ní Yorùbá pé ìjọba Ebi la lé kúrò, kí Ebi kó ẹrù rẹ̀ jáde nínú ikùn wa kí ọ̀sán tó pọ́n. Àwàdà ni a pè é.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo pàdé ìyá náà, Àlàájì, tó ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Àpòmù, gbé tiwa sórí ẹ̀rọ fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì kọjú sípíkà sí ọjà. Fèrè dún. Mo ní kí kálukú dúró sílé rẹ̀. Iná sì lọ.

Ká ní iná yẹn dúró díẹ̀ sí i ni, ẹ̀rín ni ọjà ìbá fi gbà á. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀lé e ló dẹ́rù bà wọ́n ju ọ̀rọ̀ mi lọ. Ọjà tú. Ọkọ̀ àwọn sójà kan tó ń lọ sí Ifẹ̀ bá àwọn ènìyàn tó ń sá lójú títì, wọ́n dúró, wọ́n bèèrè. Kí ọ̀sán tó pọ́n wọ́n ti mú Àlàájì. Kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n ti mú Délé, nítorí àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló wà lẹ́yìn páálí rẹ́kọ́ọ̀dù. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń bi í: ta ló ni ohùn yẹn. Kò sọ fún wọn.

Mi ò padà sílé. Ràfátù, ìyàwó mi, ló wá bá mi ní ìsọ̀ àwọn onípákó. Ó gbé gìtá mi dání, ó fi aṣọ wé e bí ọmọ.

"Wọ́n ti wá sílé," ó ní. "Mo ní ẹ lọ ra pákó ní Gbọ̀ngán. Wọ́n ní àwọn máa mú gbogbo ọkùnrin tó ń bá Délé ṣeré, àwọn á ní kí kálukú sọ̀rọ̀, àwọn á sì mọ ẹni tó jẹ́. Ẹ má padà wá. Ẹ má sì bá ẹni tí ẹ ò mọ̀ sọ̀rọ̀ lọ́nà."

Bí mo ṣe kúrò nílé nìyẹn, èmi àti Síkírù. Mo pinnu ohun méjì: n ò ní jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn mi, n ò sì ní kú.

Àjàṣẹ́

Ìlú àkọ́kọ́ tí a sùn sí ní ilẹ̀ òkèèrè ni Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Pọtonóò. Mo ti múra sílẹ̀ fún èdè tí n kò gbọ́. Obìnrin tí a kọ́kọ́ pàdé ní ẹnu ọ̀nà wò wá láti orí dé ẹsẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀." Ohun tó ṣe mí lọ́jọ́ náà ṣòro láti ṣàlàyé. Mo ti sá jáde ní ilẹ̀ mi, èdè mi sì ti ṣáájú mi dé ibi tí mo sá lọ.

Bàbá Ràímì ló gbà wá sílé, télọ̀ kan tó jẹ́ mùsùlùmí bíi tèmi. Bó ṣe ń kí àlejò kì í ṣe bí à ń ṣe ní Ìkirè, níbi tí kíkí ti di kánjúkánjú. Ó béèrè ilé. Ó béèrè ìyàwó, ó béèrè ọmọ, ó béèrè oko, ó béèrè bí òjò ṣe ń rọ̀. Mo ń retí kó béèrè ohun tó gbé wa wá. Kò béèrè. Ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá.

Àkàsà ni, ẹ̀kọ tó rọ̀ ju tiwa lọ, pẹ̀lú ẹja díndín àti ata tútù tí wọ́n lọ̀ pọ̀ mọ́ àlùbọ́sà. Gbogbo wa jókòó yí abọ́ kan ká. Àgbà ló ń ya ẹja, ó sì ń ti èyí tó lẹ́ran sí ọ̀dọ̀ àlejò láìwo ojú wọn. Síkírù jẹ débi pé mo fi ẹsẹ̀ tọ́ ọ.

Nígbà tí mo dúpẹ́ oúnjẹ, àwọn ọmọ ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Ràímì ní, "Ẹ má bínú. Yorùbá yín ló ń sáré. Ẹ fara balẹ̀, kò sẹ́ni tó ń lé yín níbí."

Èmi àti Síkírù wo ara wa.

A ti ń bá a rán bọ́tìnnì, a ti ń mọ ọ̀nà mọ́sálásí, nígbà tó dé láti ìrun Jímọ̀ lọ́jọ́ kan, tó sì jókòó láìbọ́ fìlà. Ó ní àwọn ọkùnrin kan láti Nàìjíríà ń béèrè lọ́jà. Àwọn ọkùnrin méjì ni wọ́n ń wá, tí wọ́n ń fi ilẹ̀kùn mọ́tò ṣe orin.

"Mi ò bi yín ní ohun tí ẹ ṣe," ni Bàbá Ràímì wí. "Ṣùgbọ́n àlejò tó gbé ilẹ̀kùn mọ́tò wá sílé mi kò pọ̀."

Òtítọ́ ni. Síkírù ti ru ilẹ̀kùn náà kúrò ní Ìkirè, ó sì rù ú kọjá ẹnubodè. Mo ní kó jù ú sínú ọ̀sà.

"Gìtá tìrẹ ńkọ́?" ó ní. "Kọ́kọ́ ju ìyẹn kí n rí ọ."

A ru méjèèjì lọ síwájú.

Tákóràdí

Ibi tí ẹsẹ̀ wa gbé dúró ni Tákóràdí, ìlú èbúté ní orílẹ̀-èdè Gánà. Afẹ́fẹ́ òkun ibẹ̀ máa ń dun ètè ẹni bí iyọ̀. Obìnrin kan ń ta kẹ́ńkẹ́ ní iwájú ilé rẹ̀: àgbàdo kíkan tí wọ́n wé sínú háhá, tí wọ́n sì sè. Màmá Èsí ni wọ́n ń pè é. Ebi ń pa wá, a yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Síkírù gbìyànjú láti fi ọwọ́ ṣàpèjúwe.

"Níbo lẹ ti wá?" ni obìnrin náà bi wá ní Yorùbá.

Mo tọ́ka sí Síkírù. Síkírù ló fèsì. "Ìkirè, mà. Nàìjíríà."

Ó fi ọ̀bẹ rẹ̀ lélẹ̀. "Agége ni èmi gbé. Ẹ lé mi kúrò nílé yín, ẹ tún wá bá mi dé ilé mi."

"Àwa kọ́ la lé yín, mà. Ìjọba ni."

"Ìjọba ló kó ìkòkò mi? Aládùúgbò mi ni. Ó ní òun bá mi tọ́jú ẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń fi se ẹ̀wà títí di òní."

"Ẹ dákun, mà."

"Mi ò ní kí ẹ bẹ̀ mí. Ta ló lé ẹ̀yin?"

Síkírù wò mí kó tó fèsì. "Ìjọba kan náà ni, mà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Lẹ́yìn náà ó ní kí a wọlé.

Àṣà kan wà níbẹ̀ tó dà mí láàmú ju ohun gbogbo lọ. Wọ́n á fún àlejò ní omi. Bó bá ti mu ún tán, olórí ilé á bi í, níwájú gbogbo ará ilé, ohun tó gbé e wá, àlejò sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí kò bá sọ ọ́, ojú olè ni wọ́n á fi wò ó. Ní Àjàṣẹ́ kò sẹ́ni tó bi wá. Ní Tákóràdí, dandan ni. Mo mu omi náà díẹ̀díẹ̀, mo fi fa àkókò. Ife gbẹ.

Nítorí náà mo sọ ọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo sọ̀rọ̀ gígùn láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé. Màmá Èsí ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi fún àwọn ènìyàn rẹ̀: fèrè, ọjà, iná tó lọ, sójà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ olórí ilé, gbọ́ ọ tán, ó ronú, ó sì sọ gbólóhùn kan.

"Kí ni bàbá sọ?" ni mo bi í.

"Wọ́n ní iná ló yẹ kí wọ́n mú."

Wọ́n fún wa ní yàrá ẹ̀yìnkùlé. Kẹ́ńkẹ́ náà kọ́kọ́ kan mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi ata dúdú wọn tí wọ́n ń pè ní ṣítò jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹja, ènìyàn á gbàgbé kíkan rẹ̀. Mo rí iṣẹ́ káfíńtà lẹ́bàá èbúté, Síkírù rí ti pánẹ́bítà. Bí mo bá gbọ́ òyìnbó àwọn ará Nàìjíríà lẹ́nu atukọ̀ kankan, òdì kejì títì ni mo máa ń gbà. Ọ̀pọ̀ ọdún la lò níbẹ̀. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo ń sọ ọ́ sínú pé ibẹ̀ kọ́ ni n óò kú sí.

Orin tí kò ní ọ̀rọ̀

Ọjọ́ ìsinmi la máa ń ṣeré ní àgbàlá, lẹ́yìn tí ará ilé bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Mi ò gbà láti la ẹnu sínú ẹ̀rọ kankan, nítorí náà orin wa yí padà. Ní Ìkirè, à ń kánjú ni. Gìtá Délé ló ń sáré níwájú, ọ̀rọ̀ mi ń lé e. Ní báyìí kò sí Délé, kò sì sí ọ̀rọ̀. Gìtá ńlá mi ló wá bọ́ síwájú. Mo kọ́ láti ta ohùn kan kí n sì jẹ́ kó kú tán kí n tó ta òmíràn. Mo gbé ayùn sí itan, mo tẹ̀ ẹ́, mo fi ìṣó fà á, ó ń hu bí ẹni tó ń pe ènìyàn láti ọ̀nà jíjìn.

Iyọ̀ òkun ti jẹ ilẹ̀kùn mọ́tò Síkírù. Mo rò pé ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Síkírù ló ṣàwárí pé ibi tó ti dípẹtà ń dún kẹ̀kẹ̀, ibi tó ṣì le sì ń dún wúwo bí àgbá. Ó wá ní ohùn méjì nínú irin kan, ó sì kọ̀ kí ẹnikẹ́ni fi epo pa á.

A fi ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀ṣì gbà á sílẹ̀. Màmá Èsí jókòó gbọ́ ọ dé òpin, ọwọ́ rẹ̀ nínú ìyẹ̀fun.

"Orin yín dà bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó ń bẹ̀rù," ó ní.

Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

"Ẹ jẹ́ kó máa bẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Ó dùn."

Àwọn awakọ̀ tó ń ná Èkó ló ń bá wa gbé ìròyìn. Ẹnu wọn la ti gbọ́ pé wọ́n ti tú Àlàájì sílẹ̀ tipẹ́. Ẹnu wọn náà la ti gbọ́ pé wọ́n ti tú Délé sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìka méjì lọ́wọ́ òsì rẹ̀ kò tẹ̀ mọ́. Ọwọ́ yẹn ló fi ń tẹ okùn gìtá. Síkírù gbé ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò lù ú fún ìgbà pípẹ́.

Ràfátù wá wò mí lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi kásẹ́ẹ̀tì wa ránṣẹ́ sí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló fi dáhùn, láti ẹnu obìnrin kan tó ń ta aṣọ: "Ẹ bá mi sọ fún un pé kásẹ́ẹ̀tì kọ́ ni mo fẹ́, ọkọ ni mo fẹ́. Àbúrò bàbá mi ní oko ní Ararọ̀mí-Òwu. Kò sí sójà nínú kòkó."

Síkírù kò bá mi lọ. Ó ti fẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n Màmá Èsí, ó sì ní òun ti mọ ohùn tí irin ń dún ní etí òkun, òun ò tún fẹ́ kọ́ òmíràn.

Ararọ̀mí-Òwu

Mo padà ní àárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí ìjọba ológun le ju ti ìgbà tí mo lọ. Mo rò pé ilé ni mo dé. Ará Gánà ni wọ́n ń pè mí ní Ararọ̀mí. Mi ò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bí mo bá sì fẹ́ béèrè omi, mo máa ń kọ́kọ́ ní "ẹ jọ̀ọ́" bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Tákóràdí. Ọkùnrin kan ní oko kòkó bi mí, tìfẹ́tìfẹ́, ìgbà tí mo máa padà sílùú mi. Ìkirè kò jìnnà sí ibi tí a dúró sí.

Mi ò dé Ìkirè. Ràfátù ló ń gbé dòdò Ìkirè wá fún mi, dúdú, rírọ̀, ata gbóná nínú rẹ̀. Kì í dé gbígbóná. Mo máa ń jẹ ẹ́ lẹ́yìn abà, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí bí ó ṣe ń ṣe mí.

Délé wá. Irun rẹ̀ ti funfun. Ó gbé gìtá lé itan bí ẹni gbé ọpọ́n, ó fi èèkù ṣíbí dípò ìka tí kò tẹ̀, ó ń yọ̀ ọ́ lórí okùn. Gìtá tó máa ń ha tẹ́lẹ̀ ti ń sunkún báyìí, ó ń gùn, ó ń tẹ̀. Mo gbé tèmi, mo dara pọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí a dúró, ó ní kí a ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù tuntun.

"Mo ti gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ ṣe ní Gánà. Ó dára. Ṣùgbọ́n kò sí ohùn ẹ níbẹ̀."

"Kò lè sí níbẹ̀, Délé."

"Èmi ni wọ́n lù nítorí ohùn yẹn, Múfú. Mo fẹ́ máa gbọ́ ọ."

Mo gbé gìtá mi sílẹ̀. Mo wá sọ fún un pé n óò sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ lọ́jọ́ tí mo bá gbọ́ lẹ́nu àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn pé ó ti parí.

"Ta ló máa lọ bi wọ́n?"

"Èmi ni."

Àgọ́ ọlọ́pàá

Nígbà tí àwọn sójà gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá, Délé wá sọ fún mi pé rédíò ní wọ́n ti dárí ji gbogbo wa. Mo ní sípíkà ló tú ọjà Àpòmù ká, n kò ní tìtorí sípíkà jáde.

Mo wọ aṣọ funfun. Ràfátù tẹ̀lé mi, ó gbé kúlà oúnjẹ dání.

"Kí ni ti oúnjẹ?" ni mo bi í.

"Bí wọ́n bá dá yín dúró, ẹ máa kọ́kọ́ jẹun."

A dé àgọ́ ọlọ́pàá Àpòmù ní ọ̀sán. Ọlọ́pàá obìnrin kan ló wà ní káńtà. Mo sọ orúkọ mi fún un, orúkọ bàbá mi, àti agbolé wa ní Ìkirè. Mo ní èmi ni mo ni ohùn inú rẹ́kọ́ọ̀dù tó tú ọjà ká nígbà ayé àwọn sójà. Ó wò mí bí ẹni pé oòrùn ló pa mí. Ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀.

Ọ̀gá náà jáde, ó ń fi aṣọ nu ọ̀rá mọ́tò kúrò lọ́wọ́. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó jókòó.

"Ẹ̀yin ni? Mo ṣì kéré nínú iṣẹ́ yìí nígbà tí wọ́n ń wá yín." Ó mi orí. "Bàbá, wọ́n ti fagi lé gbogbo ẹjọ́ irú ìyẹn. Àṣẹ ti wá láti Òṣogbo. Kò sẹ́ni tó ń wá yín mọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ tún un sọ kí ìyàwó mi gbọ́."

Ó yíjú sí Ràfátù. "Kò sẹ́ni tó ń wá wọn mọ́, mà. Àbí kí n kọ ọ́ lórin?"

"Ó ti tó, sà," ni Ràfátù wí.

Mo dìde. Mo dúpẹ́. Mo ti dé ẹnu ilẹ̀kùn nígbà tó tún pè mí. "Bàbá, ẹ dúró ná."

Mo dúró. Ràfátù di apá mi mú.

"Mọ́tò wa ò fẹ́ sítáàtì," ni ọ̀gá náà wí. "Ẹ bá wa tì í."

Èmi, ọlọ́pàá obìnrin náà, àti ẹnì kan tó ń kọjá lọ la jọ lọ sẹ́yìn mọ́tò. Ràfátù gbé kúlà sílẹ̀, ó wé gèlè mọ́ ìbàdí, ó sì wá bá wa. A tì í dé ibi tí ilẹ̀ ti dagẹ̀rẹ̀ sí ọ̀nà ọjà. Ó wúkọ́, ó dákẹ́, a tún tì í, ó gbiná, èéfín bò wá. Ọ̀gá náà na ọwọ́ jáde láti ojú fèrèsé, ó ní a ṣeun.

Ó ti jìnnà díẹ̀, ariwo ọjà sì pọ̀. Mo kó ọwọ́ méjèèjì yí ẹnu mi ká, mo sì pariwo, ní ọ̀sán gangan, pé kò tọ́pẹ́, sà.